Jíà Kẹta

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ mi.
Funfun ni tẹ́lẹ̀, ìpẹtà ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí
bí erùpẹ̀ pupa ṣe ń gun ẹsẹ̀ ọmọdé.
Ní gbàǹjo, ní Leeds, ni mo ti rà á;
bàtà ara rẹ̀ ni ẹni tó tà á ń wò
nígbà tí mo ń ka owó.
Ó yẹ kí n ti fura.
Wọ́n ní àkísà lògbà rí:
ta ló wá lo ìgbà ọkọ̀ yìí? Kì í ṣe èmi.

Mo mọ ohùn rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ lóru.
Ẹ̀kíní, ó kùn.
Èkejì, ó ráhùn díẹ̀, ó gbà.
Ẹ̀kẹta, háà, ẹ̀kẹta!
Á wọlé, á tún jáde
bí àlejò tó gbàgbé fìlà sílé.
Ẹ́ńjìnì á ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù,
táyà á kàn máa wò wá níran.

Lọ́jọ́ tí òjò dídì ń já wúruwùru,
ẹrù Màmá Winifred ni mo gbé láti Halifax,
ó ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Rochdale:
àga mẹ́rin, ibùsùn kan, aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́,
àti páálí kan tó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí,
tó ní n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lé lórí.
Òkè wà láàárín ìlú méjèèjì,
òkè àgùntàn, òkè tí kò nílé,
tí atẹ́gùn rẹ̀ kì í kíni kó tó gbáni létí.

Agbedeméjì òkè ni ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀.
Kì í ṣe irú ìkọ̀ àná o. Ó kọ̀ bí òkú.
Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa.
Mo gbórí lé sítíárì,
mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Màmá Winifred ṣí fúláàsì,
ó bu tíì fún mi nínú ìdérí, òun fẹnu mu tirẹ̀ níbi ọrùn ìgò.
Ó ní: “Ọgbọ̀n ọdún ni Stanley mi fi wa bọ́ọ̀sì lórí òkè yìí.
Bí jíà kan bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í bá a jà.
Èkejì ni kó o fi gùn ún, jẹ́ kí wọ́n máa fọn fèrè wọn.
Bí ilẹ̀ bá ti dà sísàlẹ̀,
gbé ẹsẹ̀, ka ení, ka èjì,
kó o fo ẹ̀kẹta dá.
Má wo ọwọ́ rẹ. Etí ni kó o fi wà á.”

Bí ẹni ru omi la ṣe gùn ún.
Lókè téńté, ení, èjì,
ẹ̀kẹrin wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.
Aago tó ti kú lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn wa.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Iqbal tú àpótí jíà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Ọ́ìlì dúdú dà jáde, ó ń dán wínníwínní.
Mo ní ó mà dára ní wíwò. Ó ní irin lo rí yẹn.
“Eyín ló jẹ eyín. Ẹ̀kẹta rẹ ti di akáyín.”
Ó dárúkọ owó. Ó ju iye tí mo ra ọkọ̀ lọ.
Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.
Ọ́ìlì tuntun nìkan la rọ sí i, a dé e padà.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí tí mo dé ìlú yìí,
ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó wà nínú báàgì mi.
Lóṣù tó ń bọ̀, mo di ẹni àádọ́ta.
Mi ò rántí ibi tí àárín bọ́ sí.
Mo ṣáà ń gbọ́ ení, mo ń gbọ́ èjì,
ilẹ̀ sì ti ń dà sísàlẹ̀.

Lọ́la, fìríìjì kan àti ibùsùn méjì ń lọ sí Todmorden.
Òkè wà níbẹ̀ náà.